Ayò ọlọ́pọ́n lórí fóònù: kí ló ń mú ẹni tó kàn fẹ́ najú padà síbi eré?

Ọlọ́pọ́nTuntun (Ìbàdàn) · Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi òru ṣe ayò ọlọ́pọ́n kan tí ẹni méjì lè jọ ta lórí fóònù, kálukú níbi tó wà. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe bá a nílẹ̀. Ayò náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn ni kì í dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ 14. Mẹ́sàn-án kò kọjá ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Mẹ́ta wọlé, wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà wá. Ẹnì kan ò tiẹ̀ ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé nítorí tèmi ni.

Kì í ṣe àwọn tó ń fi géèmù jẹun ni mò ń wá. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú mọ́tò, ẹni tó ń retí oníbàárà, ẹni tó fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ najú kó tó sùn, àwọn yẹn ni mo ń ṣe é fún. Géèmù wo lẹ máa ń gbá, kí ló sì ń mú yín padà síbẹ̀? Líǹkì ayò tèmi wà lójú ìwé mi fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀ · Ajé, 9:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn kúrò lónìí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́.

Chess lèmi ń ta, lórí ìkànnì Lichess. Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló fi hàn mí. Mo ṣí i, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí, kí n tó mí kanlẹ̀ ẹnì kan ti gbé ọmọ rẹ̀ síwájú. Kò sẹ́ni tó bi mí lórúkọ. Bíi oṣù méjì ni mo fi ta á bẹ́ẹ̀, kí n tó fọwọ́ ara mi forúkọ sílẹ̀ torí mo fẹ́ kó máa bá mi tọ́jú àwọn eré tí mo ti ta. Ìgbà tí mo ti mọ ohun tí orúkọ yẹn máa ṣe fún mi ni mo kọ ọ́.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Thibault Duplessis, ló dá a sílẹ̀ ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó kankan níbẹ̀, owó tí àwọn tó ń lò ó ń fi tọrẹ ni wọ́n fi ń gbé e ró. Ẹ má fojú kékeré wo ti ìpolówó yẹn o. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ bíi tèmi mọ̀ ọ́n lára. Bí mo bá gbé ọmọ kan lórí chess, lẹ́tà mélòó kan ni fóònù fi ránṣẹ́. Fídíò ìpolówó kan ṣoṣo á jẹ dátà tí n bá fi ta chess títí di òru.

ÌyáAláṣọ (Ìbàdàn) · Ajé, 11:32 àárọ̀

Candy Crush ni tèmi, géèmù tí a ti ń to súìtì aláwọ̀ kan náà pọ̀, ọdún kẹfà rèé. Ìsọ̀ mi wà ní Ọjẹ́. Bí kò bá ṣe ọjọ́ ọjà, èèyàn lè jókòó fún wákàtí méjì kó má rí ẹni tó máa béèrè iye aṣọ òkè.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó máa ń dúró dè mí. Bí oníbàárà bá dé, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tú aṣọ sílẹ̀ fún un, a ná an títí, ìgbà tí mo bá padà, gbogbo nǹkan wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Dátà ò sí, ó ń lọ. Ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n ń fúnni, bí èèyàn bá sì pàdánù ọ̀kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló máa tó padà. Àwọn kan ń bínú sí ìyẹn. Èmi ò bínú rárá. Bí ẹ̀mí bá tán, mo mọ̀ pé ó tó, mo dìde, mo ká aṣọ.

Ọlọ́pọ́nTuntun, ìbéèrè mi rèé. Bí mo bá ń bá ẹnì kan ta ayò yín, tí oníbàárà wá dé ńkọ́? Ṣé wọ́n á ní mo ti pàdánù? Mo ti gbá géèmù kan rí tó jẹ́ pé bí mo bá gbójú kúrò fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á kọ ọ́ pé mo sá. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sá. Mo pa á rẹ́.

TíṣàFẹ̀yìntì · Ajé, 4:15 ìrọ̀lẹ́

O kú iṣẹ́ ọpọlọ, ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló bá mi ṣí ayò rẹ lọ́sàn-án yìí. Òun ló bá mi kọ gbogbo ohun tí o ní ká kọ. Mo ta á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ ayò rẹ ń sáré jù. Mo fọwọ́ kan ihò, kí ojú mi tó gbé e, gbogbo wọn ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, ẹni tí mò ń bá ta ti jẹ mẹ́ta nílé mi, n kò sì mọ ọ̀nà tó gbà. Ìrìn ọwọ́ wà nínú ayò. Bí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, bá ń pín ọmọ, ojú ọ̀pẹ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta ń tẹ̀ lé e láti ihò dé ihò, ibẹ̀ ni ọ̀pẹ́ ti ń kọ́ ọ. Jẹ́ kí wọ́n máa bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa dún.

Mo tún rí nọ́ńbà tí o kọ sórí ihò kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé o fi ran ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó odù jọ, tí ọmọ mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà nínú ihò kan, ojú ló fi ń mọ̀ pé ó ti tó láti yí ọpọ́n ká. Bí o bá kọ ọ́ síta, o ti gba iṣẹ́ ọ̀ta lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ nọ́ńbà rí i, kí ẹni tí kò fẹ́ sì lè fi í pamọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ ìwé yìí gan-an ni òǹwòran. Ní Ìsẹ́yìn tí mo gbé dàgbà, igi odán kan wà níwájú ilé wa. Ẹni méjì ló ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀, ẹni mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ló dúró lé wọn lórí. Ẹlòmíràn á máa wá fún odidi ọdún kan, kò ní fọwọ́ kan ọmọ ayò, á kàn máa wò, á máa bá wọn pariwo. Ọjọ́ tó bá wá jókòó sídìí ọpọ́n, ẹnu á yà ọ́. Àwọn tí o pè ní ẹni tó kàn fẹ́ najú yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò fẹ́ ta. Wọ́n fẹ́ wò. Ayò rẹ ò sì ní ibi tí wọ́n lè dúró sí.

Ọlọ́pọ́nTuntun · Ajé, 9:50 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, òǹwòran ò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan. Ìyà tó jẹ mí níbi ìrìn ọmọ ayò yẹn tiẹ̀ pọ̀: mo rò pé bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó.

Ìyáa wa, òótọ́ lẹ sọ. Bó ṣe wà báyìí, ẹni tó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì ti pàdánù. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kejì má bàa jókòó máa retí. N kò tíì mọ bí n ṣe máa tún un ṣe.

OkùnrinẸ̀gbá · Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ látòkè. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká ṣọ́ra. Ohun tó ń pe èèyàn wọlé yàtọ̀ sí ohun tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù ti da méjèèjì pọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún 13, bẹ̀rẹ̀ géèmù kan lọ́dún tó kọjá. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta àpótí fún un, àpótí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó sanwó. Káàdì ìyá rẹ̀ wà lórí fóònù yẹn. Kí ìyá tó mọ̀, ₦47,000 ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ náà sunkún, kì í ṣe olè. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá ní òun ò ṣe mọ́, fóònù á dún pé ẹ̀bùn òun máa tán láago mẹ́jọ.

Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, ejò orí Nokia 3310 ni géèmù gbogbo wa. Taneli Armanto ló ṣe ejò àkọ́kọ́ fún Nokia 6110 ní 1997. Ejò yẹn ò mọ orúkọ rẹ. Kò pè ọ́ lóru. Ó gé ara rẹ̀ jẹ, ó kú, o tẹ bọ́tìnnì kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ni kò ta á lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́? Ọlọ́pọ́nTuntun, bí ayò rẹ bá dùn, wọ́n á padà fúnra wọn. Má ṣe jẹ́ kí fóònù ẹnikẹ́ni máa dún torí pé kò ta ayò lónìí.

ÌyáAláṣọ · Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, fún ìyá ọmọ náà. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ti àpótí. Candy Crush náà máa ń bi mí bóyá mo fẹ́ ra ẹ̀mí, n kò ra ọ̀kan rí ní ọdún mẹ́fà. Àmọ́ èmi ti dàgbà. Ohun tí èmi lè kọ̀ ni ọmọdé ò lè kọ̀.

Nọ́ọ̀sìLeeds · Ìṣẹ́gun, 8:48 àárọ̀

Iṣẹ́ òru ni mo ti dé, mo sì ti ka ọ̀rọ̀ yín tán pátá.

Ludo ni tiwa, èmi àti màmá mi tó wà ní Òṣogbo. Ludo King ni, ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà tó ń jẹ́ Gametion ló gbé e jáde ní 2016. Ọdún 2020 la bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé wà nílé tí n kò lè wọkọ̀ òfúrufú lọ wò wọ́n. Màmá mi kì í ka òyìnbó dáadáa. N kò kọ́ wọn ní nǹkan kan ju bí wọ́n ṣe máa tẹ kóòdù tí mo bá kà fún wọn. Ludo tí wọ́n ti ń ta láti kékeré ni, pupa ni tiwọn, àwọ̀ ewé ni tèmi, wọ́n mọ̀ pé mẹ́fà ló ń mú ọmọ jáde. Bí ó bá ṣe géèmù tuntun tó nílò àlàyé ni, ọjọ́ kìíní náà ni wọn ì bá ti fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ayò, iṣẹ́ ti dín kù fún yín níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni èyí. A máa ń pe ara wa lórí WhatsApp, a gbé ìpè sílẹ̀, a wá ṣí Ludo. Ìgbà míì a kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ fún wákàtí kan. Mo ń gbọ́ rédíò wọn, mo ń gbọ́ adìyẹ, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pa ọmọ mi. Ká ní ìpè lásán ni, lẹ́yìn "ṣé ẹ ti jẹun, ṣé ara le", ọ̀rọ̀ ti tán. Eré yẹn ló ń jẹ́ ká lè jókòó ti ara wa láìsọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ayò yín fàyè gba ẹni méjì tó ti mọ ara wọn. Kí n tẹ líǹkì kan ránṣẹ́ sí màmá mi, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ká bá ara wa nídìí ọpọ́n. Kó jẹ́ Yorùbá ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀ · Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ àǹtí wa wọ̀ mí lára.

Ẹ̀gbọ́n, ní ti oníbàárà ÌyáAláṣọ, Lichess ti tú u. Oríṣi méjì ni wọ́n ní. Èyí tó ní aago, àwọn tó fẹ́ ẹ kíákíá ló wà fún. Èkejì ń fún yín ní ọjọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé. Mò ń bá ọ̀rẹ́ mi kan ta irú rẹ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta la fún ara wa. Òun a gbé tirẹ̀ láàárọ̀, èmi a gbé tèmi lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ yàn án kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, kò ní sí ẹni tó sá.

Ẹ tún ro ti ẹni tó máa bá ẹni tí kò mọ̀ ta. Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀, wọ́n fún mi ní 1500 pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé wọn ò tíì mọ agbára mi. Wọ́n nà mí títí nọ́ńbà yẹn fi já wálẹ̀ dé ibi tó yẹ mí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń pàdé ẹgbẹ́ mi. Mo jẹ ọ̀kan, mo pàdánù ọ̀kan. Ìyẹn gan-an ló ń mú mi padà. Ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ̀léra ò ní wá ní ìgbà kọkànlá.

OkùnrinẸ̀gbá · Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Bí a bá ń wá géèmù tó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń gbá a, ẹ jẹ́ ká rántí Wordle, géèmù tí èèyàn ti ń méfò ọ̀rọ̀. Josh Wardle ṣe é fún òun àti olólùfẹ́ rẹ̀, ó wá gbé e síta fún gbogbo ayé ní oṣù kẹwàá 2021. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lóòjọ́, ìgbà mẹ́fà lo lè gbìyànjú rẹ̀, ó parí di ọ̀la. Ẹni 90 ló gbá a ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2022, wọ́n ti lé ní 300,000, kí oṣù náà sì tó parí, iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn New York Times ti rà á. Nígbà yẹn, kò sí áàpù, kò sí ìforúkọsílẹ̀, kò sí ìpolówó. Àwọn àpótí kéékèèké aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn láti fi bí wọ́n ṣe gbá a hàn ló polówó rẹ̀, àwọn àpótí yẹn ò sì tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí kò tíì gbá a. Ẹ fọkàn sí ìyẹn. Ìtijú ò sí níbẹ̀, ìfọ́nnu díẹ̀ wà.

Ọlọ́pọ́nTuntun · Ọjọ́rú, 1:15 òru

Ẹ gbà mí lórí ọ̀kan tó le. Bí ẹnì kan bá ṣí ayò láago méjì òru, kò ní rí ẹni bá a ta. Ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà ń ṣe géèmù ní kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ bá a ta, kí n fún ẹ̀rọ náà ní orúkọ èèyàn àti fọ́tò. Ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe é, pé ẹni náà ò ní mọ̀, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun rí ẹni bá òun ta.

TíṣàFẹ̀yìntì · Ọjọ́rú, 6:05 àárọ̀

Má ṣe é, ọmọ mi. Kí ẹ̀rọ jẹ́ ẹ̀rọ. Kọ ọ́ sí i gàdàgbà: "Ẹ̀rọ lo fẹ́ bá ta." Èmi fúnra mi á bá ẹ̀rọ ta lóru tí n kò bá rí oorun sùn, kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ẹnì kan, tí mo kí i, tí mo ń ronú nípa rẹ̀ pé ọmọ ilé ta ni, tí mo wá gbọ́ lọ́la pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, n kò ní gba ayò rẹ gbọ́ mọ́, àní lọ́jọ́ tí èèyàn gidi bá wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìLeeds · Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀

Tíṣà, ẹ ṣeun. Màmá mi máa ń béèrè orúkọ oríṣiríṣi ènìyàn tí wọ́n bá pàdé lórí Ludo, wọ́n á ní kí n bá wọn kí ilé rẹ̀. Ẹ̀tàn ni tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Mo tún ní ẹ̀rù kan. Bí ẹ bá fàyè gba òǹwòran, kí ni wọ́n á máa kọ? Ibi tí àjèjì bá ti lè kọ ohun tó wù ú, èébú kì í pẹ́ dé. Àwọn ọmọ mi náà á fẹ́ wò.

TíṣàFẹ̀yìntì · Ọjọ́rú, 8:20 àárọ̀

Àwọn baba wa ti ní ohun tí à ń sọ nídìí ayò. Ẹni tó bá dé á ní: "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ́." Àwọn tó ń ta á dáhùn: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ́ ò gbọdọ̀ fọhùn." Kọ ìyẹn sórí bọ́tìnnì. Kí òǹwòran tẹ ìkíni, kí àwọn tó ń ta tẹ ìdáhùn. Fi mẹ́ta mẹ́rin kún un, irú èyí tí a fi ń dápàárá láìbú ara ẹni. Má fún wọn ní pátákó tí wọ́n á máa kọ nǹkan sí. Bá mi wá ẹni tó mọ àmì ohùn dáadáa o, "ayò" lo kọ sókè, "ayọ̀" lo kọ sísàlẹ̀. Bí kò bá sí, fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, n ó bá ọ wò ó.

Ọlọ́pọ́nTuntun · Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 10:00 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti yọ ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Líǹkì lẹ máa tẹ̀, ọpọ́n á ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n tọ́jú ayò rẹ̀ ló máa kọ orúkọ, kò sì sí nọ́ńbà fóònù níbẹ̀ mọ́. Ọmọ ayò ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dún. Ẹ lè fún ara yín ní ìṣẹ́jú tàbí ọjọ́. Ẹ̀rọ ń jẹ́ Ẹ̀rọ. Òǹwòran ní àyè, wọ́n ní bọ́tìnnì márùn-ún, Tíṣà ló bá mi tún gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe.

N kò tíì rí ojútùú sí ti agbára ènìyàn tí Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀ sọ. Àwa tí à ń ta á ò tíì pọ̀ tó láti pín. Mo tún fi ránṣẹ́ sí àwọn 14 ọjọ́sí. Mọ́kànlá ló ta á, mẹ́fà nínú wọn sì tún wọlé lánàá láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn.

ÌyáAláṣọ · Àbámẹ́ta, 1:25 ọ̀sán

Èmi àti ẹnì kan tí n kò mọ̀ ti ń ta ọ̀kan bọ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Mo ta aṣọ òkè méjì láàárín rẹ̀. Ayò náà ṣì ń retí mi.

Nọ́ọ̀sìLeeds · Àìkú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Màmá mi àti Tíṣà ta ayò lónìí, láti Òṣogbo sí Ìsẹ́yìn. Èmi, àwọn ọmọ mi méjì àti àwọn mẹ́rin míì la wà níbẹ̀ tí à ń wò. Ọmọ mi ọkùnrin tí kì í fẹ́ sọ Yorùbá ló tẹ "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ́", ló bá ń bi mí pé ta ni ọ̀ta, ta ni ọ̀pẹ́.

TíṣàFẹ̀yìntì · Àìkú, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Sọ fún un pé màmá àgbà rẹ̀ ni ọ̀ta. Wọ́n jẹ 27, mo jẹ 21. Odù ni wọ́n fi pa mí, n kò rí i títí ó fi dé. Bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àwọn á ráyè lọ́la láago márùn-ún.